Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Wa ní Agbedeméjì Òjò

Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ìgbà mẹ́rin ni ó wà nínú ọdún. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹjọ ni oòrùn sì máa ń pẹ́ lójú ọ̀run jù, tí ewéko inú ọgbà wọn ń dàgbà kíákíá. Ní tiwa níhìn-ín, ìgbà méjì péré ni a mọ̀: ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin nǹkan yóò mọ̀ pé ìgbà òjò pàápàá ní agbedeméjì tirẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, a sì máa pọ̀ sí i títí yóò fi di oṣù kẹfà àti oṣù keje. Nígbà tí ó bá wá di ìparí oṣù keje tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, òjò a dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tí ó ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí ó wá dánu dúró láti mí. Ojú ọ̀run a ṣú, oòrùn a fi ara pamọ́, afẹ́fẹ́ a tutù, síbẹ̀ òjò kò ní rọ̀ bí ó ti ń rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà yìí ni olóko máa ń dúró láàárín oko rẹ̀, tí yóò fi ọwọ́ lé ìbàdí, tí yóò sì bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Kí ni mo ti ṣe láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni ó sì kù fún mi láti ṣe kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀?"

Ní ọdún 2023, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, mo dúró bẹ́ẹ̀ gan-an nínú ọgbà ẹ̀fọ́ tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ohun tí mo rí ní òwúrọ̀ náà, àti ohun tí ojú mi ti rí kí ó tó di òwúrọ̀ náà, ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi.

Ìlú wa Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí ìlú Ọ̀wọ̀ rárá. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Ọjọmọlúdà ni oyè ọba wa. Ilé bàbá mi wà ní ibi tí ilé ti ń parí tí igbó kéékèèké sì ti ń bẹ̀rẹ̀, ọgbà tí mo ń wí yìí sì wà láàárín ilé ìdáná wa àti igbó náà. Kò tóbi. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìṣísẹ̀ méjìlélógún ni gígùn rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá sì ni ìbú rẹ̀. Igi ewúro ni a gbìn sí ẹ̀gbẹ́ méjì rẹ̀, ògbólógbòó páànù ni a fi sé ẹ̀gbẹ́ kẹta, ògiri ilé ìdáná sì ni ẹ̀gbẹ́ kẹrin.

Ìyá mi ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń já ní ìdájí, tí wọ́n ń dì ní ìdì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń rù lọ sí ọjà Ọ̀wọ̀ kí oòrùn tó mú. Owó tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ni wọ́n fi ra ìwé fún mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Òun náà ni wọ́n ń tì bọ̀ mí lápò nígbà tí mo ń lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín: láti ìgbà tí mo ti di olùkọ́, inú àwo nìkan ni èmi àti ẹ̀fọ́ ìyá mi ti ń pàdé. Mo lè kọ́ ọmọ ní orúkọ ewéko tí ó wà nínú òwe àti nínú ọfọ̀, ṣùgbọ́n bí tẹ̀tẹ̀ àti koríko bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, n kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Ní oṣù kejì ọdún tí mo wí yìí, ẹsẹ̀ ìyá mi yọ̀ ní àgbàlá, wọ́n ṣubú, orúnkún wọn sì fara pa púpọ̀. Dókítà ní wọn kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Ní ọjọ́ kejì tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n na ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn sí ọgbà, wọ́n sì pè mí. Èdè Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo. Èmi ni mo yí i sí Yorùbá tí gbogbo yín yóò gbọ́. Wọ́n ní, "Tíṣà, ilẹ̀ kò mọ̀ pé ara olóko kò yá. Ọgbà yìí di ọwọ́ rẹ."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Yèyé, ẹ má ṣe àníyàn. Ṣé ti ẹ̀fọ́ lásán?"

Wọ́n wò mí títí, wọn kò sì dá mi lóhùn.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa tu koríko, a kọ ebè, a sì la poro sí àárín ebè kí omi òjò lè rí ibi gbà. Ìyá mi ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n ń fi ẹnu ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn kò lè ṣe mọ́. Nígbà tí mo fẹ́ da ìgbẹ́ adìẹ tútù sí orí ebè, wọ́n kígbe pé kí n dúró. Wọ́n ní yóò jó gbòǹgbò ẹ̀fọ́ bí iná, àfi bí ó bá kọ́kọ́ jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí mo bu irúgbìn tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní kí n pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí n tó fọ́n ọn. Nítorí irúgbìn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé, bí a bá fọ́n ọn lásán, ibì kan yóò pọ̀ jù, ibì kan yóò sì ṣófo. Báyìí ni a ṣe gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, tí a gbin ilá, tí a sì lọ́ ata àti tòmátì láti ibi tí a kọ́kọ́ gbìn wọ́n sí. A gbin ugu pẹ̀lú, ẹ̀fọ́ àwọn ará wa tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn, tí ó ti di ẹ̀fọ́ gbogbo wa báyìí.

Irúgbìn gbogbo ìwọ̀nyí, a lè rí wọn rà ní ọjà. Ṣùgbọ́n ti ewédú yàtọ̀. Igò kan wà lórí pẹpẹ tí ó wà lókè àrò, ṣùkù àgbàdo ni a fi dí ẹnu rẹ̀, èéfín sì ti sọ ara rẹ̀ di dúdú. Irúgbìn ewédú ni ó wà nínú rẹ̀. Ìyá ìyá mi ni ó fún ìyá mi nígbà tí wọ́n ń lọ sí ilé ọkọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń gbìn ín lọ́dọọdún, tí wọ́n ń ká èso rẹ̀, tí wọ́n sì ń dá a padà sínú igò. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó máa ń yọ̀ dáadáa, kì í sì í tètè gbó. Nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ sí ọjà, mo rí i pé àwọn oníbàárà wọn a máa bèèrè rẹ̀ bí ẹni tí ń bèèrè ọmọ ìyá rẹ̀.

Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ gbin ewédú náà títí àwọn yóò fi sọ fún mi bí a ti ń ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ti lo oògùn ìrora, wọ́n sì ti sùn. Òjò ṣú ní ìlà-oòrùn. Mo wò ó pé bí òjò yìí bá rọ̀ tí n kò gbìn, ọ̀sẹ̀ kan ti lọ nìyẹn. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, "Kí ni ó wà nínú irúgbìn fífọ́n? Mo ti fọ́n tẹ̀tẹ̀, ó ti hù." Mo gbé igò sọ̀kalẹ̀, mo da ohun tí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ sí ọwọ́, mo pò ó mọ́ iyanrìn gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́, mo sì gbìn ín. Òjò rọ̀ ní òru náà. Mo sùn bí ẹni tí ó ti ṣe ohun ńlá.

Ọjọ́ márùn-ún kọjá, n kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, ẹyọ mẹ́ta péré ni ó yọrí. Mo rò pé èèrà ni ó kó irúgbìn náà lọ. Mo tún da púpọ̀ nínú èyí tí ó kù, mo sì gbìn ín sí orí ebè mìíràn. Òun náà kò hù. Nígbà tí mo gbé igò sí ojú ìmọ́lẹ̀, ohun tí ó kù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ju ṣíbí kan lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo dá igò padà sí orí pẹpẹ, mo yí i kí ìhà tí èéfín ti bò jù lè kọjú sí ìta, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n óò sọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn èyí fún yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn mọ́ mi láti sọ. Mo lọ sí ọjà, mo ra irúgbìn ewédú mìíràn. Èrò mi ni pé kí n gbìn ín sí ojú ebè náà, kí n sì pa ẹnu mi mọ́. Mo ní, ṣé ewé kò jọ ewé? Ta ni yóò mọ̀? Mo ti tú u sínú abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá, wá bá mi, ó ní, "Bàbá, ṣé èyí ni ti Ìyá Àgbà?"

N kò mọ ohun tí mo lè wí. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni mo fi gbin ọgbà náà, òun ni yóò sì jogún irọ́ ọ̀hún. Yóò gbìn ín, yóò ká a, yóò sì máa sọ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ pé ti ìyá bàbá òun ni. Mo gbé abọ́ náà wọlé. Nígbà tí a jẹun alẹ́ tán, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi. Mo ní, "Yèyé, mo ti ba nǹkan jẹ́."

Mo rò fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn kò bínú, wọn kò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn bi mí pé, "Mélòó ni ó kù?"

Mo ní, "Kò ju ṣíbí kan lọ."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣíbí kan ni ìyá mi fún mi. Dìde, ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí o gbé omi kaná."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n di irúgbìn náà sínú àkísà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tí omi hó, wọ́n ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná, kí n ri ìdì náà bọ inú rẹ̀, kí n sì ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, kí n má ṣe kọjá bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin mi ni ó ń kà á. Bí ó ti pe ẹ̀wá, mo fa ìdì náà yọ, mo kì í bọ inú omi tútù, mo sì tẹ́ irúgbìn náà sí ibòji kí omi ara rẹ̀ gbẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ a pò ó mọ́ iyanrìn, a fọ́n ọn sí orí ilẹ̀ tí ó ti rin, a sì fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó.

Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní orí kunkun ni ewédú ní. Bí a kò bá fi omi gbígbóná jí i, yóò máa sùn. Nígbà tí ó yá, mo rí i kà pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn kò yàtọ̀ sí ti ìyá mi. Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìhù. Omi gbígbóná ni í mú kí èèpo náà jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irúgbìn bá pẹ́ jù nínú rẹ̀, yóò kú. Ìyá mi kò ka ìwé kankan, mo sì ti lo ọdún púpọ̀ nídìí ìwé. Síbẹ̀ èmi ni n kò mọ̀. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé bá gun orí igi kò lè rí i.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo gbọ́ igbe ọmọbìnrin mi láti inú ọgbà. Ewédú ti hù. Ìyá mi ti ọ̀pá wọn, wọ́n rọra rìn dé ibẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n tẹ ilẹ̀ ọgbà náà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú. Wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà wọ́n dúró, wọ́n ń wo àwọn ewé wẹ́wẹ́ náà láti òkè. Wọ́n ní, "Òun nìyí." Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báyìí ni a ṣe dé òwúrọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Òjò ti dákẹ́, ìrì wà lára ewé, mo sì ń lọ láti ebè dé ebè, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tí ń yẹ ìwé ìdánwò wò.

Tẹ̀tẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn àgbà ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, òótọ́ ni wọ́n sì wí. A kò fà á tu nígbà tí ó tó jẹ. A gé e, a fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún yọ ẹ̀ka tuntun. Ìgbà kẹta nìyí tí a ó gé e. Ṣọkọ náà ṣe dáadáa. Ilá ti ń so. Òdòdó rẹ̀ a là ní òwúrọ̀, a sì rọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí ó bá tó ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà sí i, èso ti tó gé. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, yóò kó, kò ní ṣeé jẹ mọ́. Nítorí náà, ọjọ́ méjì-méjì ni a ń gé e. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan, tí ń ta pọ́ún bí a bá fi ọwọ́ kan ewé, ti da ewé ilá náà lu bí ajere. Eérú ni a ń kù sí i lórí ní òwúrọ̀. Kò pa gbogbo kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ó dín ìyà ewé kù.

Tòmátì ni ó dójú tì mí. Mo gbìn ín sí ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, òjò oṣù kẹfà sì pọ̀ jù fún un. Ewé rẹ̀ rọ, ó sì kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ní tòmátì kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi. Èmi ni ó yẹ kí n kọ ebè gíga fún un. Ní ti ugu, ewúrẹ́ kan ni ó gba abẹ́ páànù wọlé ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù keje; ó jẹ ugu tán, ó sì jẹ nínú ewédú pẹ̀lú. N kò dá ewúrẹ́ lẹ́bi. Mo ti rí i tipẹ́ pé páànù náà ti yẹ̀, mo sì ń sọ pé lọ́la ni n óò tún un ṣe.

Mo wá dé ìdí ewédú. Igi mọ́kànlélógójì ni a ní kí ewúrẹ́ náà tó wọlé. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó kù. Wọ́n ga dé orúnkún mi, ewé wọn tutù, ó sì ń dán. Níbi tí mo dúró sí ni ìyàwó mi ti wá bá mi pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́. Ó ní, "Ọbẹ̀ ti tán, ọjà sì ti wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n já ewédú yìí kí ó tó gbó."

Òótọ́ ni ó sọ. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí a tó mọ̀, owó ọkọ̀ ti gbówó lórí, ohun gbogbo tí ọkọ̀ ń gbé sì tẹ̀ lé e. Owó oṣù tí mo ń gbà kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rà ń dín kù lójoojúmọ́. Ọgbà tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ti ẹ̀fọ́ lásán ni, òun ni ó ń gbé wa ró láàárín ọ̀sẹ̀. Bí a bá já ewédú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà léraléra, a ó rí ọbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n igò ti ṣófo. Bí a bá jẹ gbogbo rẹ̀, tàbí tí nǹkan bá tún ṣe é, kò sí ṣíbí kan mọ́ lórí pẹpẹ tí a lè padà sí.

Mo wọlé lọ bi ìyá mi. Wọ́n ní, "Èwo ni ó dára jù nínú wọn?" Mo ní àwọn tí ó wà láàárín ebè ni. Wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyẹn ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn. Ẹ jẹ èyí tí ó kù." Mo ti rò pé ohun tí ó dára jù ni à ń jẹ, tí a sì ń fi èyí tí ó kéré ṣe irúgbìn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó bá ń fi èyí tí kò dára ṣe irúgbìn lọ́dọọdún, díẹ̀díẹ̀ ni oko rẹ̀ yóò máa bàjẹ́, kò sì ní mọ ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀. Mo gba òwú pupa lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo so ó mọ́ ara igi méjìlá. Ó já ewé nínú mẹ́rìnlá tí ó kù, ó fi ìjábẹ̀ jà á, a sì fi jẹun ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ìyá mi tọ́ ọbẹ̀ náà wò, wọ́n sì béèrè fún sí i.

Bí mo ti ń so òwú náà, ilá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rán mi létí ìtàn kan tí gbogbo ọmọ Ọ̀wọ̀ mọ̀, ìtàn Orọnṣẹn, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Wọ́n ní èèwọ̀ mẹ́ta ni ó ní: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ da omi sí àgbàlá níṣojú rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdì igi lulẹ̀ níbi tí ó wà. Àwọn orogún rẹ̀ ni ó dalẹ̀ rẹ̀, ó sì bínú lọ. Nítorí rẹ̀ ni a fi ń ṣe ọdún Igogo ní Ọ̀wọ̀ lọ́dọọdún nínú oṣù kẹsàn-án. Láàárín ọdún 1969 sí 1971, Ekpo Eyo, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, wa ilẹ̀ ní Igbó Lájà tí ìtàn náà dárúkọ, ó sì bá àwọn ère amọ̀ tí ó ti wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ilẹ̀ pa ère mọ́ fún wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ilá Orọnṣẹn, ẹnu àwọn ìyá ni ó pa á mọ́. Bí ìran kan ṣoṣo bá ti kọ̀ láti sọ ọ́ fún ọmọ, ì bá ti parí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni irúgbìn rí. Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì fi ṣeré. Ní ìlú Ìbàdàn, ní ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí à ń pè ní IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, irú ẹ̀wà tí wọ́n tọ́jú sínú yàrá tútù lé ní 15,000. Ní erékùṣù Svalbard ní ilẹ̀ Nọ́wè, níbi tí yìnyín kì í ti í tán, wọ́n gbẹ́ ihò ńlá sínú òkè, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2008 kí àwọn orílẹ̀-èdè ayé lè máa fi irúgbìn wọn pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, mo rántí igò tí ó wà lókè àrò wa. Èéfín ni kì í jẹ́ kí kòkòrò dé ibẹ̀, ooru àrò ni kì í jẹ́ kí ó bu. Àǹfààní kan náà ni ìyá mi àti àwọn ará Nọ́wè ń wá, ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni kò dọ́gba.

Ìgbà tí òjò kásẹ̀ nílẹ̀ tán ni èso ewédú tí ó gùn bí ìka ọmọdé gbẹ lórí igi méjìlá náà. Ọ̀kan ti kú kí ó tó di ìgbà náà. Mọ́kànlá ni a ká. Ìyá mi fi ọwọ́ ara wọn pa èso náà sínú àtẹ, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n sì dà á sínú igò. Kò kún igò; ó kọjá ìdajì díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ọmọbìnrin mi lọ mú igò kékeré kan wá, wọ́n bu ṣíbí kan sínú rẹ̀, wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́. Ó gbà á pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Wọ́n bi í pé, "Báwo ni a ti ń jí i?" Ọmọ náà dáhùn ní èdè Ọ̀wọ̀, ó sì ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti jẹ́ kí ẹ rí àṣìṣe mi kí ẹ má bàa tún un ṣe. Ní ilé kọ̀ọ̀kan yín, ohun kan wà lórí pẹpẹ kan. Ó lè jẹ́ irúgbìn, ó lè jẹ́ ìtàn, ó lè jẹ́ oríkì, ó sì lè jẹ́ èdè ìlú yín gan-an. Ẹ má ṣe dúró títí ẹsẹ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi yọ̀. Ẹ tọ àwọn ìyá yín àti àwọn bàbá yín lọ nígbà tí wọ́n ṣì lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ béèrè bí a ti ń ṣe é. Bí ẹ bá sì ti ba díẹ̀ jẹ́ nínú rẹ̀, ẹ má ṣe fi ti ọjà dípò rẹ̀ kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Ẹ lọ jẹ́wọ́. Bí ó bá ku ṣíbí kan, ó tó ohun tí à ń gbìn.